Gbèsè ọsibítù: ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ní Ọ̀rẹ̀ àti Odígbó

Ọ̀nà Èkó sí Benin gba Ọ̀rẹ̀ kọjá, ìjàǹbá mọ́tò ò sì ń kéde ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tí wọ́n sáré gbé dé ọsibítù láìsí kọ́bọ̀ lápò, ṣé kí wọ́n ní kó lọ wá owó ná ni?

Rárá o. Abala 20 òfin ìlera tọdún 2014 sọ pé ọsibítù kankan, ìbáà jẹ́ tìjọba tàbí ti aládàáni, ò gbọdọ̀ kọ ẹni tọ́rọ̀ ẹ̀ jẹ́ pàjáwìrì. Ẹni tó bá rú u yóò san ìtanràn 100,000 náírà, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ, tàbí méjèèjì.

Àmọ́ ìyẹn ò sọ ìtọ́jú náà di ọ̀fẹ́. Ọsibítù ń ra oògùn, ó ń ra epo jẹnẹrétọ̀, ó ń sanwó oṣù nọ́ọ̀sì. Tí aláìsàn mẹ́wàá bá lọ láìsanwó, ẹni kọkànlá lè débẹ̀ kó má bá oògùn.

Báwo ni wọ́n ṣe lè gbowó náà?

1. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n gba àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù aláìsàn àti ti mọ̀lẹ́bí ẹ̀ kan.

2. Kí wọ́n máa sọ iye tówó ti dé lóòrèkóòrè, kó má jẹ́ ọjọ́ tó ń relé lẹbí máa tó gbọ́.

3. Tówó ò bá pé, kí wọ́n kọ àdéhùn sílẹ̀: iye tó kù, iye tí wọ́n á máa san lóṣù, àti onídùúró. Kí tọ̀tún-tòsì mú ẹ̀dà kan.

4. Tí onígbèsè bá kọ̀ jálẹ̀, kóòtù ló kàn. Òfin ọlọ́pàá tọdún 2020 ò gbà kí wọ́n mú èèyàn torí gbèsè lásán.

Kí wọ́n wá ti aláìsàn tára ẹ̀ ti yá mọ́lé ńkọ́? Abala 35 ìwé òfin Nàìjíríà fún oníkálukú lómìnira. Ọsibítù ò lè fi gbèsè gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹni tí wọ́n sì tì mọ́lé, níbo ló ti fẹ́ rówó san?

Ẹ̀yin náà, ẹ gba ìwé tó to owó nǹkan kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì tọ́jú rìsíìtì yín. Tó bá jẹ́ mọ́tò ló kọlù yín, ẹ béèrè ìwé adójútòfò ẹ̀. Láti ọdún 2022 ni òfin ti sọ adójútòfò ìlera di dandan. Àjọ ODCHC ló ń bójú tó o ní Ondo. Ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ nígbà tára ṣì le, àìsàn kì í dúró de owó oṣù.