Ẹ̀rọ Ìlọta Tí Kì í Rántí Àná

Ní Iloffa, ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Òkè-Ẹ̀rọ̀ ní ìpínlẹ̀ Kwara, ẹni tó bá fẹ́ bá ọmọ rẹ̀ tó wà l'Ékòó sọ̀rọ̀, orí WhatsApp ló ń gbà. Ta ló ń bi í ní èdè tí wọ́n fi kọ ẹ̀rọ tó ń gbé ọ̀rọ̀ náà lọ? Erlang ni. Ọdún 1986 ni Joe Armstrong àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Ericsson, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ní Sweden, kí gbogbo ìpè má baà já torí pé ibì kan bàjẹ́. Nígbà tí Facebook ra WhatsApp ní 2014, ẹnjiníà 32 péré ló ń bójú tó èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 400.

Ẹni tó bá ti gbé ata lọ sí ẹ̀rọ ìlọta rí mọ ìjà ibẹ̀. Bí ẹni tó ṣáájú bá lọ ẹ̀wà, tí wọn ò fọ ẹ̀rọ, èérún ẹ̀wà á bá ata dé ìsaasùn ẹlòmíì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà rí: ohun tí apá kan ṣe lánàá a máa ba ti òní jẹ́. Àwọn tó ń lo functional programming, irú ọ̀nà tí Erlang náà ń tọ̀, ní àwọn ò gbà. Ata kan náà wọlé, ata lílọ̀ kan náà jáde, ì báà ṣe lóru.

Alonzo Church ti fi ìṣirò gbé ìpìlẹ̀ èrò yìí kalẹ̀ ní Princeton láàárín ọdún 1930 sí 1940, kí kọ̀ǹpútà tòde òní tó dé. John McCarthy bẹ̀rẹ̀ èdè Lisp ní 1958. Lẹ́yìn náà, kálukú ń dá èdè tirẹ̀ ṣe, títí wọ́n fi lé ní méjìlá.

Ní oṣù kẹsàn-án 1987, àwọn onímọ̀ tó pé jọ sí Portland ní Amẹ́ríkà fẹnu kò pé kí wọ́n ṣe ẹyọ kan tí gbogbo wọn á jọ máa lò. Wọ́n fẹ́ sọ ọ́ ní Haskell, orúkọ Haskell Curry, onímọ̀ ìṣirò tó kú ní 1982. Méjì nínú àwọn tó ń ṣe èdè náà, Paul Hudak àti David Wise, lọ bá Virginia, opó Curry. Ìyá náà gbà wọ́n tọ̀yàyà tọ̀yàyà. Ìgbà tí wọ́n ń dìde ló tó sọ pé ọkọ òun ò fẹ́ràn orúkọ náà rí! Orúkọ ti mọ́ ọmọ lórí. Ìwé àkọ́kọ́ lórí èdè náà jáde ní 1990.

Lẹ́yìn náà, àwọn èèyàn ń pé jọ sí yàrá kan láti kọ́ Haskell. IOHK, ilé-iṣẹ́ tó wà nídìí Cardano, ètò owó orí ayélujára, kọ́ àwọn èèyàn ní Athens ní 2017, ó lọ sí Barbados ní 2018, ó sì gbé kíláàsì náà dé Addis Ababa ní 2019. Obìnrin nìkan ni wọ́n gbà síbẹ̀, àwọn ọmọ Ethiopia àti Uganda.