Iná Lọ́ńdọ̀nù, Ìsẹ̀lẹ̀ San Francisco, Àti Owó Tí A Fi Pamọ́

Kò sí ìpàdé ìgbìmọ̀ ìṣúná kan, ìbáà ṣe ti ìjọ kékeré ní abúlé tàbí ti àpéjọ gbogbo orílẹ̀-èdè, tí a kì í ti í gbọ́ ìbéèrè yìí: "Bí ohun búburú bá ṣẹlẹ̀ ńkọ́?" A ó ya iye kan sọ́tọ̀ fún òrùlé tí ìjì lè ṣí, a ó ya òmíràn sọ́tọ̀ fún ọkọ̀ tí ó lè bàjẹ́, a ó sì gbàdúrà ìparí. A ti jókòó nínú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ́ tó láti mọ̀ pé òrùlé tí a máa ń dárúkọ ni èyí tí ìjì ṣí ní èṣí. Èyí ni ó mú wa lọ wo ìtàn ìlú ńlá méjì tí àjálù bá, kí a lè rí ohun tí àwọn olówó ibẹ̀ rò tẹ́lẹ̀, àti ohun tí kò wá sí ọkàn wọn rárá.

Ní ọdún 1665, àjàkálẹ̀ àrùn jà ní Lọ́ńdọ̀nù. Àkọsílẹ̀ ìkú ìlú náà fi hàn pé àrùn yìí pa ju 68,000 ènìyàn lọ láàárín ọdún kan ṣoṣo. Ìlú náà kò tí ì bọ́ nínú ọ̀fọ̀ yìí tán nígbà tí iná bẹ́ sílẹ̀ ní òru ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án ọdún 1666, ní ilé Thomas Farriner tí í máa ṣe búrẹ́dì ní òpópó Pudding Lane. Ọ̀gbẹlẹ̀ ti mú kí àwọn ilé onígi gbẹ, afẹ́fẹ́ líle sì ń fẹ́ láti ìhà ìlà-oòrùn. Wọ́n jí Thomas Bludworth, olórí ìlú, ó wá wo iná náà, ó fojú tín-ín-rín rẹ̀, ó sì padà lọ sùn. Ọjọ́ mẹ́rin ni iná fi jó. Ó run ilé 13,200 àti ilé ìjọsìn 87, kàtídírà Pọ́ọ̀lù Mímọ́ pẹ̀lú sì bá a lọ.

Nínú gbogbo ẹ̀ka ìtàn iná yìí, ti àwọn òǹtàwé ni ó máa ń dùn wá jù lọ. Àyíká kàtídírà náà ni ilé ìtajà wọn wà. Wọn kì í ṣe aláìgbọ́n. Wọn kò dúró kí iná dé kí wọ́n tó wá ibi ààbò. Ìjọ kan wà lábẹ́ ilẹ̀ kàtídírà náà gan-an, ìjọ Fáítì Mímọ́, tí a fi òkúta mọ yíká. Ta ni yóò rò pé iná lè ja òkúta tí ó nípọn bẹ́ẹ̀? Wọ́n kó ìwé wọn sínú rẹ̀, wọ́n dí gbogbo ihò tí afẹ́fẹ́ lè gbà wọlé, ọkàn wọn sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n òrùlé kàtídírà tí ó wà lókè gbaná, ó wó lulẹ̀ pẹ̀lú òjé rẹ̀ tí ó ti yọ́, ìwúwo rẹ̀ já òkúta ilẹ̀ lulẹ̀, gbogbo ìwé náà sì jóná. Àwọn ará ìgbà náà ṣírò òfò yìí sí nǹkan bí 150,000 pọ́n-ùn. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé ẹni tí ó ní ìwé ní ibi mẹ́ta lè pàdánù ìdá kan nínú mẹ́ta. Ṣùgbọ́n nítorí pé ibi kan ṣoṣo ni gbogbo wọn gbà pé ó láàbò, ibẹ̀ ni gbogbo wọn kó ẹrù lọ, òfò ẹnìkan sì di òfò gbogbo ẹgbẹ́. Samuel Pepys, òṣìṣẹ́ ìjọba kan tí ó kọ ìtàn ọjọ́ wọ̀nyí sílẹ̀, gbẹ́ ihò sínú ọgbà, ó sì ri wáìnì àti wàràkàṣì rẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Iná kò tilẹ̀ dé ilé rẹ̀.

Kò sí inṣọ́ránsì iná ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà. Ohun tí ó tún burú ni pé ìwé àdéhùn ọ̀pọ̀ ayálégbé wí pé ayálégbé ni yóò tún ilé ṣe bí ó bá bàjẹ́, tí yóò sì máa san owó ilé títí àkókò rẹ̀ yóò fi pé. Ẹni tí ó kọ àdéhùn bẹ́ẹ̀ ń rò ó ní ti fèrèsé tí ó fọ́ àti ilẹ̀kùn tí ó jẹrà. Kò rò ó ní ti òpópó tí ó di eérú. Bí òfin bá tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ inú ìwé náà, ayálégbé tí kò ní ilé mọ́ yóò máa san owó ilé, yóò sì tún kọ́ ilé fún onílé. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní láti dá ilé ẹjọ́ pàtàkì kan sílẹ̀ ní 1667, tí ó ní agbára láti yí àdéhùn padà, kí onílé àti ayálégbé lè jọ gbé ẹrù náà gẹ́gẹ́ bí agbára olúkúlùkù. Àwọn adájọ́ náà kò gba owó iṣẹ́, ìlú sì ya àwòrán wọn láti fi dúpẹ́, ohun tí a kò tíì gbọ́ púpọ̀ nípa àwọn adájọ́ lọ́jọ́ òní.

Wúrà kì í jóná bí ìwé. Àwọn tí ó ní owó lọ́wọ́ ti ń kó o fún àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà láti bá wọn pa á mọ́ pẹ̀lú èlé, àwọn alágbẹ̀dẹ wọ̀nyí sì ń yá Ọba Charles Kejì lówó, nítorí pé ta ni ó láàbò ju ọba lọ? Ní oṣù kìíní ọdún 1672, ọba ń múra ogun sí àwọn ará Họ́láńdì, ó sì kéde pé ilé ìṣúra òun kò ní san gbèsè wọ̀nyí. Gbèsè náà ju 1,000,000 pọ́n-ùn lọ. Àwọn tí owó wọn wà lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ wúrà rí i pé owó tí iná kò lè jó ti wọnú àpò ọba. Robert Vyner, ọ̀kan nínú àwọn tí ó tóbi jù nínú wọn, kò bọ́ nínú rẹ̀ títí ó fi wọ gbèsè pátápátá ní 1684.

Ní nǹkan bí ọdún 1680 ni Nicholas Barbon, dókítà tí ó di kọ́lékọ́lé, ṣí ilé inṣọ́ránsì iná. Oníwàásù ni baba rẹ̀, Yin-Ọlọ́run ni ìtumọ̀ orúkọ tí wọ́n sọ baba náà. Ọmọ kò jọ baba nínú ìfọkànsìn. Barbon mú kí ilé onígi san ìlọ́po méjì ohun tí ilé oníbíríkì ń san. Èrò tuntun nìyí: a kò mọ ilé tí yóò jó, ṣùgbọ́n bí ilé bá pọ̀ tó, a lè mọ̀ nǹkan bí iye tí yóò jó lọ́dún. Ó dára fún ilé kan níhìn-ín àti ilé kan lọ́hùn-ún. Bí gbogbo ìlú bá jó lẹ́ẹ̀kan ńkọ́?

San Francisco dáhùn ìbéèrè yìí ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 1906. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé a kò kìlọ̀. Ní 1905, ẹgbẹ́ àwọn onínṣọ́ránsì iná ní Amẹ́ríkà ti wo ìlú náà, wọ́n sì kọ̀wé pé ìyanu ni pé kò tí ì jó, àti pé àwọn panápaná rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó jó. Wọ́n rí iná tẹ́lẹ̀. Wọ́n ka panápaná mọ́ ohun tí yóò gbà wọ́n. Ní agogo márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú 12 ní òwúrọ̀, ilẹ̀ mì. Ìsẹ̀lẹ̀ kan náà ni ó tan iná, òun ni ó fọ́ ọ̀pá omi lábẹ́ ilẹ̀, òun náà ni ó ṣe Dennis Sullivan, olórí panápaná, léṣe tí ó kú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Nǹkan bí 28,000 ilé ni ó parun, ó sì ju ìdajì àwọn ará ìlú lọ tí kò nílé mọ́.

Ìwé inṣọ́ránsì sọ ti iná, kò sọ ti ìsẹ̀lẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ kan láti Jámánì di èyí mú, wọ́n kọ̀ láti san. Ní Lọ́ńdọ̀nù, Cuthbert Heath ti Lloyd's fi wáyà ránṣẹ́ pé kí wọ́n san gbogbo rẹ̀ fún àwọn oníbàárà òun, ohun yòówù kí ìwé sọ. Àwọn báńkì ìlú náà ní àpótí irin tí iná kò ràn, ṣùgbọ́n irin náà gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò lè ṣí i fún ọjọ́ púpọ̀, kí ìwé owó inú rẹ̀ má baà gbaná bí afẹ́fẹ́ bá kàn án. A. P. Giannini, tí báńkì rẹ̀ kéré tí kò sì ní àpótí tí ó dára tó bẹ́ẹ̀, ti kó nǹkan bí 80,000 dọ́là wúrà àti fàdákà sínú kẹ̀kẹ́ ẹrù, ó fi àpótí ọsàn bò ó, ó sì gbé e jáde ní ìlú. Ó gbé pákó lé àgbá méjì ní èbúté, ó sì ń yá ènìyàn lówó níbẹ̀.

Owó tí àwọn onínṣọ́ránsì Lọ́ńdọ̀nù san jáde ní wúrà, ó sì ń ṣàn lọ sí Amẹ́ríkà títí ẹ̀rù fi ba Báńkì Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó gbé èlé rẹ̀ ga dé 6 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù kẹwàá ọdún 1906 kí wúrà lè padà sílé. Àwọn onímọ̀ ètò owó kan ti fi hàn pé èyí wà lára ohun tí ó mú kí owó wọ́n ní New York ní ọdún kejì. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 1907, àwọn ènìyàn tò sí ẹnu ọ̀nà Knickerbocker Trust láti gba owó tí wọ́n fi pamọ́ síbẹ̀. Ilé náà sanwó fún nǹkan bí wákàtí mẹ́ta, ó sì dáwọ́ dúró. Oṣù méjìdínlógún ti kọjá tí ilẹ̀ ti mì ní San Francisco, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó tò síbẹ̀ kò tí ì dé ìlú náà rí.