Fífi fáìlì alákòóso pamọ́ láti inú ètò ìkọ̀wé

Fífi fáìlì alákòóso pamọ́ ni ọ̀nà tí ètò ìkọ̀wé orí kọ̀ǹpútà, bíi Vim, Emacs tàbí Visual Studio Code, ń gbà kọ àtúnṣe sínú fáìlì tí ẹni tó ń lò ó kò ní àṣẹ láti yí padà. Lórí Linux àti macOS, root, ìyẹn aṣàmúlò tó ní gbogbo àṣẹ lórí ẹ̀rọ, ló sábà máa ń ni irú fáìlì bẹ́ẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, gbogbo ènìyàn ló lè ka /etc/hosts. Ṣùgbọ́n root nìkan ló lè kọ nǹkan sí i.

Sudo, tó ń jẹ́ kí aṣàmúlò lásán fi agbára root ṣiṣẹ́, ni irinṣẹ́ tó gbajúmọ̀ jù fún iṣẹ́ yìí. Bob Coggeshall àti Cliff Spencer ló ṣe é ní nǹkan bí ọdún 1980 ní yunifásítì ìpínlẹ̀ New York tó wà ní Buffalo. Bí ènìyàn bá fi sudo ṣí odindi ètò ìkọ̀wé, agbára root á dọ́wọ́ gbogbo àfikún inú rẹ̀, ewu ńlá sì ni. Ìdí nìyí tí sudoedit, tó jẹ́ ara sudo, fi dára jù: ó máa ń ṣe ẹ̀dà fáìlì náà, ètò ìkọ̀wé á ṣí ẹ̀dà yẹn pẹ̀lú àṣẹ lásán, ìgbà tí oníṣẹ́ bá sì pa ètò náà dé ni sudo á tó dá àtúnṣe padà sínú fáìlì gidi.

Ẹni tó ti kọ̀wé tán nínú Vim kó tó rí i pé òun kò láṣẹ lè tẹ :w !sudo tee %. Ètò kékeré tó ń jẹ́ tee ló ń kọ fáìlì náà níbẹ̀, kì í ṣe Vim. Nínú Emacs, /sudo:: ló máa ń ṣáájú orúkọ fáìlì. Bí fífi fáìlì pamọ́ bá kùnà nítorí àìláṣẹ, Visual Studio Code á gbé bọ́tìnì jáde láti tún un gbìyànjú pẹ̀lú sudo, á sì bèèrè páswọ́ọ̀dù.