Ọwọ́ tí ó tún Igbó Ọ̀ṣun ṣe

Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí. Ní ọdún 1940, ọkọ̀ òfurufú ogun kan, Wellington, rì sínú adágún Loch Ness. Ní ọdún 1985 ni a yọ ọ́. Àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn sì tún un ṣe ní Brooklands, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Tiwa ń bẹ ní Òṣogbo. Nígbà tí Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, dé ibẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, ikán ti ń jẹ ojúbọ Ọ̀ṣun. Adébísí Àkànjí, tí í ṣe bíríkìlà, dara pọ̀ mọ́ ọn; àwọn agbẹ́gilére bíi Kàsálí Àkàngbé tẹ̀ lé e. Amọ̀ àti sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi gbé ògiri àti ère dìde. Ìjọba sọ ibẹ̀ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 1965. UNESCO kà á mọ́ ogún gbogbo ayé ní ọdún 2005.

Àdùnní papòdà ní ọdún 2009, ṣùgbọ́n òjò kò dá, ikán kò sì kú. Irin lè dúró dè wá lábẹ́ omi fún bí ọdún 45. Amọ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ọ̀dọ́ kò bá kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ àgbà, kí ni a ó bá lọ́la?