Èrè Ìpéjọpọ̀: Ìtàn Àpérò Ọdọọdún Àwọn Oníṣẹ́ Python

Python jẹ́ èdè kọ̀ǹpútà, ìyẹn ni àkójọ ọ̀rọ̀ àti òfin tí ènìyàn fi ń kọ àṣẹ tí ẹ̀rọ yóò tẹ̀ lé. Irú àwọn àṣẹ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní sọ́fíwíà. Guido van Rossum, ọmọ orílẹ̀-èdè Netherlands, ló gbé e jáde ní ọdún 1991 nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí CWI ní ìlú Amsterdam. Ọ̀fẹ́ ni èdè náà, ẹni tó bá sì wù lè ṣe àtúnṣe sí i. Nítorí náà, kò pẹ́ tí àwọn tó ń lò ó fi tàn dé orílẹ̀-èdè púpọ̀, tí wọ́n ń fi ímeèlì bá ara wọn sọ̀rọ̀ láì rí ojú ara wọn rí. Oṣù Kọkànlá ọdún 1994 ni nǹkan bí 20 nínú wọn péjọ sí Gaithersburg, ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, nínú ọgbà NIST, àjọ ìjọba tó ń bójú tó òṣùwọ̀n.

Láti ibẹ̀ ni ìpàdé náà ti di àṣà. Ní 2001, wọ́n dá àjọ Python Software Foundation sílẹ̀ kí ó lè di ẹ̀tọ́ èdè náà mú ní orúkọ gbogbo wọn. Nígbà tó sì di 2003, àwọn oníṣẹ́ náà gba ètò àpérò sọ́wọ́ ara wọn, wọ́n sọ ọ́ ní PyCon, wọ́n sì ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ ní George Washington University ní Washington, pẹ̀lú owó ìwọlé tó mọ níwọ̀n.

Ẹni tó bá rò pé inú gbọ̀ngàn ńlá nìkan ni èrè irú àpérò bẹ́ẹ̀ wà, ẹ̀gbẹ́ kan ló rí. Fídíò lè gbé àsọyé dé ilé ẹni. Ohun tí kò lè gbé ni sprint, èyí tí í ṣe ọjọ́ mélòó kan tí àwọn tó ń kọ èdè náà àti àwọn tó ń lò ó máa ń jókòó sídìí tábìlì kan náà láti jọ tún àṣìṣe inú rẹ̀ ṣe, tí ọmọṣẹ́ yóò sì máa wo ọwọ́ ọ̀gá. Lightning talk tún wà, ọ̀rọ̀ oníṣẹ́jú márùn-ún péré. Ní irú ìṣẹ́jú márùn-ún bẹ́ẹ̀ ni Solomon Hykes ti kọ́kọ́ fi Docker han aráyé ní PyCon 2013 ní Santa Clara, ní California. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà di sọ́fíwíà pọ̀ mọ́ gbogbo ohun tó nílò, bí ẹni di ẹrù ìrìn-àjò, ni Docker, kí ó lè ṣiṣẹ́ bákan náà lórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Láàárín ọdún díẹ̀, ó ti tàn dé ilé iṣẹ́ sọ́fíwíà káàkiri ayé.

Owó ọkọ̀ òfúrufú àti wàhálà físà kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ Áfíríkà lè dé Amẹ́ríkà, ó sì dára bí wọn kò ṣe káwọ́ gbera. Wọ́n ṣe àpérò tiwọn ní Windhoek ní Namibia ní 2015, ti Nàìjíríà wáyé ní Èkó ní 2017, nígbà tó sì di 2019, ti gbogbo Áfíríkà wáyé ní Accra.

Ní 2020, àrùn Kòrónà fagi lé ìpéjọpọ̀ PyCon Amẹ́ríkà tí wọ́n ti pinnu fún Pittsburgh, wọ́n sì gbé àwọn àsọyé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọdún 2022 ni PyCon Amẹ́ríkà tó tún padà di ìpàdé ojúkojú, ní Salt Lake City.