Níbo Ni A Ó Ti Bá Ọ Lọ́la?

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí àgbẹ̀ kan ní Ṣakí tàbí ní Ìsẹ́yìn bá fẹ́ lọ sí oko ní ìdájí, kì í ṣàì sọ fún àwọn ará ilé bóyá oko etílé ni òun ń lọ, tàbí oko jíjìn tí ó wà nínú ọ̀dàn lọ́hùn-ún. Kì í ṣe pé ó jẹ́ ẹrú ẹnikẹ́ni; ó mọ̀ pé bí àlejò bá dé, tàbí bí ejò bá ṣán òun, ó yẹ kí a mọ ibi tí a ó wá òun lọ. Lórí ọ̀rọ̀ kékeré yìí, sísọ ibi tí ènìyàn wà, ni ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín dúró lé. Àwọn eléré ìje ni ó kàn, ó sì ti fa omijé lójú àwọn tí kò ṣẹ̀.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 1988, ní ìlú Seoul ní ilẹ̀ Kòríà, ọkùnrin ará Kánádà kan tí ń jẹ́ Ben Johnson sá eré ìje mítà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá 9.79. Kò tí ì sí ẹni tí ó yá tó bẹ́ẹ̀ rí. Kò pẹ́ tí a fi gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà náà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé a rí oògùn agbára tí òfin kọ̀ nínú ìtọ̀ rẹ̀. Ohun tí ìwádìí ìjọba Kánádà tú síta lẹ́yìn náà ni ó burú jù: ó ti pẹ́ tí ó ti ń lo oògùn, a sì ti yẹ̀ ẹ́ wò níbi ìdíje láì rí nǹkan kan. Ẹni tí ń lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ a máa lò ó nígbà ìgbaradì, a sì dáwọ́ dúró kí ọjọ́ ìdíje tó pé. Oògùn á ti kúrò lára, ṣùgbọ́n agbára tí ó fún ẹran ara á kù síbẹ̀.

Èyí kò ṣe àjèjì sí èmi tí mo ti ṣe olórí ilé-ìwé. Bí ìwé bá ti dé pé alábẹ̀wò ń bọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, ní ọjọ́ Ẹtì náà ni ẹ ó rí ọgbà tí a ro àti olùkọ́ tí ó wọ aṣọ tí a lọ̀. Ṣùgbọ́n alábẹ̀wò kan wà nígbà tiwa tí kì í kọ̀wé ṣáájú. Ìró alùpùpù rẹ̀ nìkan ni a ó gbọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ó bá kíláàsì méjì láìsí olùkọ́ ní ilé-ìwé tí mo wà. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ náà ti lọ wa iṣu. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé alábẹ̀wò náà ṣìṣe.

Ní ọdún 1999 ni a dá àjọ WADA sílẹ̀ láti gbógun ti oògùn èrú nínú eré ìdárayá ní gbogbo ayé. Òfin rẹ̀ le. Ògbóǹtarìgì tí a bá ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa kọ ọ́ ránṣẹ́ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ibi tí yóò máa sùn àti ibi tí yóò ti máa ṣe ìgbaradì. Ní ojoojúmọ́ ó gbọ́dọ̀ yan wákàtí kan, láàrin agogo márùn-ún òwúrọ̀ sí agogo mọ́kànlá alẹ́, tí a ó bá a dájúdájú ní ibi tí ó dárúkọ. Bí a bá wá a tì lẹ́ẹ̀mẹta láàrin oṣù méjìlá, a lè dá a dúró fún ọdún méjì, bí a kò tilẹ̀ rí oògùn kankan lára rẹ̀.

Ẹ wo Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ní oṣù keje ọdún 2022, ní ìlú Eugene ní Amẹ́ríkà, ó fo igi ìdènà eré ìje mítà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12, èyí tí obìnrin kankan kò ṣe rí. Kí ọdún kan tó yí po, àjọ tí ń ṣọ́ òtítọ́ nínú eré ìje, Athletics Integrity Unit, fi ẹ̀sùn kàn án pé a wá a tì lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀sùn oògùn kọ́ o; ọ̀rọ̀ ibi tí ó wà ni. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún 2023 ìgbìmọ̀ tí ó gbọ́ ẹjọ́ náà dá a láre. A pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó sì di ọdún 2024 kí ilé-ẹjọ́ àgbáyé fún eré ìdárayá tó tún dá a láre.

Ọ̀rọ̀ Blessing Okagbare kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwádìí fi hàn pé ní oṣù kẹfà ọdún 2021 ó yẹra fún àwọn olùyẹ̀wò tí ó wá a. Ní oṣù keje wọ́n bá a ní ilẹ̀ Slovakia, wọ́n sì rí èròjà tí ń mú ara dàgbà nínú ohun tí wọ́n gbà lára rẹ̀. Ọdún 11 ni àpapọ̀ ìjìyà rẹ̀. Bí irọ́ bá lọ ní ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe tirẹ̀ ni ó dùn mí jù. Ní ọdún 2020 ni a ka Nàìjíríà mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí a fura sí jù, nítorí pé àyẹ̀wò tí a ń ṣe fún àwọn eléré wa kò tó nǹkan. Eléré tí ó bá ti irú orílẹ̀-èdè bẹ́ẹ̀ wá gbọ́dọ̀ ti gba àyẹ̀wò òjijì ìgbà mẹ́ta, ó kéré tán, láàrin oṣù mẹ́wàá ṣáájú ìdíje ńlá. Ẹgbẹ́ eléré ìje orílẹ̀-èdè ni ó gbọ́dọ̀ rí sí i, kì í ṣe ẹni tí ń sáré. Ní ọjọ́ 28 oṣù keje ọdún 2021, nígbà tí ó ku ọjọ́ méjì kí eré ìje bẹ̀rẹ̀ ní Tokyo, a kéde pé mẹ́wàá nínú àwọn ọmọ wa kò lè díje. Favour Ofili, Ruth Usoro àti Annette Echikunwoke wà nínú wọn. A ti yẹ àwọn kan wò ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò náà kò bá ìlànà mu. Àwọn ọmọ náà gbé àkọlé dání, wọ́n wọ́de, wọ́n ń béèrè ìdí tí wọn yóò fi jìyà àìbìkítà ẹlòmíràn.

Àwọn baba wa ní, ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ní Tokyo, ìka tí kò ṣẹ̀ ni ọbẹ bà. N kò bá òfin náà jà, nítorí òun ni olóòótọ́ fi ń rí ẹ̀rí òtítọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó sí ọ́fíìsì, tí ó yẹ kí ó ṣètò àyẹ̀wò tí kò ṣètò rẹ̀, òun gan-an ni a wá tì ní ibi tí ó yẹ kí a ti bá a.

Amẹ́ríkà ni a bí Annette Echikunwoke sí, àwọn òbí rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Orílẹ̀-èdè àwọn òbí rẹ̀ ni ó fẹ́ ju òòlù fún ní Tokyo. Lẹ́yìn náà ó padà sí abẹ́ àsíá Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 2024, ní ìlú Paris, ó ju òòlù náà dé mítà 75.48, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ fàdákà. Àsíá Amẹ́ríkà ni a ta sókè fún un.