Fóònù tó sọnù ní Ṣàngó-Ọ̀tà: ibi tí agbára kọ̀ǹpútà mọ, àti ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ti ṣe sílẹ̀

Ìbéèrè tó ń wọlé sọ́dọ̀ mi jù láti ọ̀dọ̀ àwọn òǹkàwé tó wà ní Ṣàngó, Ọ̀tà àti agbègbè ibẹ̀ kì í ṣe ti òṣèlú, kì í sì í ṣe ti owó oṣù. Ti fóònù ni. Wọ́n á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n yọ fóònù mi lápò lábẹ́ bíríìjì, ṣé òótọ́ ni pé wọ́n lè fi kọ̀ǹpútà wá a?" Ìdáhùn mi ni pé òótọ́ ni. Àmọ́ fóònù tí ẹni tó ni ín kò bá ti ṣètò sílẹ̀ kó tó sọnù, kò sí kọ̀ǹpútà tó máa bá a wá a. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́ lónìí.

Ọ̀rọ̀ náà ju ti Ṣàngó nìkan lọ. NBS, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ìṣirò, gbé ìwádìí kan jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, lórí ìwà ọ̀daràn tó wáyé láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 sí oṣù Kẹrin ọdún 2024. Nínú gbogbo ohun tí àwọn ọ̀daràn ń ṣe fún èèyàn kọ̀ọ̀kan, jíjí fóònù ló wọ́pọ̀ jù, ìdá 13.8 nínú 100. Nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 àwọn tí wọ́n jí tiwọn ló lọ fẹjọ́ sun ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n ìdá 11.7 péré ló sọ pé ohun tí ọlọ́pàá ṣe tẹ́ àwọn lọ́rùn. Ẹ wo àlàfo tó wà láàrin nọ́ńbà méjèèjì yẹn. Inú àlàfo yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn wà tí wọ́n fi ń fúnra wọn wá fóònù wọn kiri.

Ẹni tó bá mọ Ṣàngó mọ ìdí tí tiwa fi le. Ibẹ̀ ni ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta ti pàdé ọ̀nà Ìdí-Ìrókò. Ní ìrọ̀lẹ́, bí àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ṣe ń jáde ni àwọn tó fẹ́ ṣiṣẹ́ alẹ́ ń wọlé, gbogbo wọn ló sì ń du ọkọ̀ kan náà. Kí ẹni tí wọ́n jí fóònù rẹ̀ tó fọwọ́ kan àpò, olè náà lè ti wà nínú dánfó tó ń lọ Alákùkọ tàbí lórí ọ̀kadà tó doríkọ Ojú-Ọrẹ. Wákàtí àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yọ síìmù kí wọ́n sì ti pa fóònù náà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí Android, torí òun ló pọ̀ lọ́wọ́ wa jù, ì báà ṣe Tecno, Infinix, itel tàbí Samsung. Google ní irinṣẹ́ kan fún gbogbo wọn. Nígbà tó jáde ní 2013, Android Device Manager ni wọ́n ń pè é, ní 2017 ó di Find My Device, láti 2025 Find Hub ló ń jẹ́. Orúkọ ló ń yí padà, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Ẹ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà èyíkéyìí, ẹ tẹ google.com/android/find, kẹ́ ẹ fi ímeèlì tó wà lórí fóònù náà wọlé. Máàpù á ṣí, á fi ibi tí fóònù wà hàn yín, tàbí ibi tí wọ́n ti rí i kẹ́yìn àti ìgbà tí wọ́n rí i. Ẹ lè ní kó dún fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kódà bẹ́ ẹ bá ti pa ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ (ẹni tí fóònù rẹ̀ há sẹ́yìn àga nílé á gbádùn èyí gan-an). Ẹ lè tì í pa, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà ẹlòmíràn sójú rẹ̀ fún ẹni tó bá rí i he. Ẹ sì lè nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn ni kẹ́ ẹ fi kẹ́yìn, torí fóònù tẹ́ ẹ bá ti nù, máàpù ò ní lè bá yín wá a mọ́.

Kí èyí tó ṣeé ṣe, fóònù gbọ́dọ̀ wà ní títàn, kó ní dátà tàbí Wi-Fi, kí location rẹ̀ wà ní títàn, kó sì jẹ́ pé ímeèlì tiyín ló wà lórí rẹ̀. Ímeèlì tiyín, mo tún un sọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa, ẹni tó ta fóònù fún wa ló bá wa ṣí ímeèlì sórí rẹ̀. Ó fi orúkọ tó wù ú ṣí i, ó yan pásíwọ̀ọ̀dù fúnra rẹ̀, àwa ń wo YouTube lọ. Ọjọ́ tí fóònù bá lọ, a ò mọ ímeèlì, a ò mọ pásíwọ̀ọ̀dù, ẹni tó tà á fún wa náà ò rántí. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tiyín ṣe rí, ẹ wọ Settings lónìí, ẹ wo ímeèlì tó wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ yí pásíwọ̀ọ̀dù rẹ̀ sí èyí tẹ́ ẹ mọ̀.

Ìṣòro kejì, ẹnu ọ̀nà káfé ló ti máa ń bá àwọn èèyàn. Ẹ sáré dé ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, ẹ sanwó, ẹ tẹ ímeèlì àti pásíwọ̀ọ̀dù, ó tọ̀nà. Google wá ní òun ti fi kóòdù ránṣẹ́ sórí fóònù yín, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ síbí. Fóònù wo? Èyí tí olè gbé lọ ni. Ọ̀nà àbáyọ wà, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ ti gbà á sílẹ̀. Nínú àkáǹtì Google yín, níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nípa 2-Step Verification, ẹ máa rí ohun tí wọ́n pè ní backup codes. Kóòdù 10 ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà 8, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ sì lè lo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kẹ́ ẹ fi í sílé. Ẹ má yà á ní fọ́tò sórí fóònù kan náà, torí bí fóònù bá ti lọ, òun náà ti lọ nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá lo kọ̀ǹpútà káfé, ẹ ṣí ojú ewé ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n ń pè ní Incognito, ẹ sì rí i pé ẹ jáde nínú àkáǹtì yín kẹ́ ẹ tó dìde.

Fún Android 10 sókè, Google fi ohun tuntun kan kún un ní 2024 tó dà bíi pé wọ́n dìídì ṣe é nítorí àwọn ọlọ́kadà tó ń já fóònù gbà lójú títì. Bí ẹnì kan bá já fóònù gbà lọ́wọ́ yín tó sì sá lọ, fóònù lè mọ̀ ọ́n lára bí wọ́n ṣe fà á, á sì ti ara rẹ̀ pa. Èkejì ni android.com/lock: nọ́ńbà fóònù yín nìkan lẹ máa tẹ̀ síbẹ̀ láti tì í pa láti orí kọ̀ǹpútà, kò sí pé ẹ ń wá pásíwọ̀ọ̀dù kiri. Méjèèjì wà nínú Settings, lábẹ́ Google, níbi tí wọ́n kọ Theft protection sí. Ẹ gbọ́dọ̀ tàn wọ́n sílẹ̀.

Fóònù tí kò ní dátà ńkọ́? Láti 2024, Google ti ní ètò kan tí àwọn fóònù Android mìíràn tó wà nítòsí fi ń gbọ́ Bluetooth fóònù yín, tí wọ́n á sì fi ibi tó wà ránṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹni tó ni wọ́n mọ̀. Àmọ́ bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ ni pé ó dìgbà tí fóònù tó ju ẹyọ kan lọ bá rí i. Ní ọjà Ṣàngó, ìyẹn ò lè ṣòro. Ní àdúgbò tó dá, bóyá ni. Ẹ lè lọ yí i padà nínú ètò Find Hub sí gbogbo ibi.

Ti iPhone yá ju tiwa lọ, ká sòótọ́. iCloud.com/find ni ẹ máa lọ lórí kọ̀ǹpútà, Apple kì í sì í béèrè kóòdù yẹn fún ojú ewé yìí, torí wọ́n mọ̀ pé fóònù tí kóòdù fẹ́ wọ̀ gan-an ló sọnù. Láti iPhone 11 lọ sókè, tó bá ti ní iOS 15, wọ́n lè rí i lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa á. Ẹ má ṣe yọ fóònù náà kúrò nínú àkáǹtì yín láéláé, torí títì tó wà lórí rẹ̀ ló ń jẹ́ kó ṣòro fún olè láti tà á. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ín lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan pé, "A ti rí fóònù rẹ, tẹ ibí." Ojú ewé ayédèrú ló máa ń wà níbẹ̀, pásíwọ̀ọ̀dù yín ni wọ́n ń wá.

Lapitọ́ọ̀pù ò fi bẹ́ẹ̀ ní ìrànlọ́wọ́. Windows 10 àti 11 ní Find my device, account.microsoft.com/devices lẹ sì ti máa wò ó, bó bá jẹ́ pé àkáǹtì Microsoft lẹ fi ń wọlé tẹ́ ẹ sì ti tàn án. Ibi tó ti wọ íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́yìn ló máa sọ, bí kò bá sì wọ íntánẹ́ẹ̀tì mọ́, kò ní sọ nǹkan kan.

Kẹ́ ẹ tó jókòó ti máàpù rárá, owó yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dáàbò bò. Síìmù yín ni kọ́kọ́rọ́ sí báńkì yín. Ẹ gba fóònù ẹlòmíràn tó ń lo néètíwọ̀ọ̀kì kan náà, ẹ pe 300, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n dí láìnì náà. Ẹ pe báńkì pẹ̀lú. Bẹ́ ẹ bá ti fi PIN sórí síìmù yín látẹ̀yìnwá, ẹni tó bá yọ ọ́ sínú fóònù mìíràn máa bá PIN pàdé, bó bá sì ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ti há nìyẹn.

Wàyí o, ẹ ti rí i lórí máàpù. Àmì kékeré kan wà níbì kan ní Joju, ọkàn yín ń gbóná, àwọn ọ̀rẹ́ yín ti ń wọ bàtà. Ẹ dúró ná. Ẹ wo àyíká àmì yẹn dáadáa: òbìrí kan máa ń yí i ká. Ohun tí òbìrí yẹn ń sọ ni pé fóònù wà níbì kan nínú òun, kò sọ pé inú ilé tí àmì dúró lé lórí ni. Ní àdúgbò tí ilé ti lẹ̀ mọ́ra, tí ìdílé mẹ́wàá ń gbé ilé kan, òbìrí kékeré lè gba ilé mẹ́jọ. Lábẹ́ òrùlé onírin, irú ti àwọn iléeṣẹ́ wa, GPS kì í gbọ́ràn dáadáa, òpó néètíwọ̀ọ̀kì àti Wi-Fi ni fóònù fi ń fojú bù ú.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Denver ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ja ọmọkùnrin ọlọ́dún 16 kan lólè ní 2020, wọ́n gba fóònù rẹ̀. Ó fi ètò ìwáfóònù Apple wá a, àmì náà sì dúró lórí ilé kan. Ní òru ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì dáná sun ilé yẹn. Èèyàn márùn-ún ló kú, ọmọ ilẹ̀ Senegal ni wọ́n, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọwọ́, òmíràn kò tíì ju ọmọ kékeré lọ. Wọn ò mọ nǹkan kan nípa fóònù náà. Ìgbà tó rí ìròyìn lọ́jọ́ kejì ló tó mọ̀ pé kì í ṣe àwọn tó jà á lólè nìyẹn. Ní 2024, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n ọgọ́ta ọdún. Nílùú kan náà, ọlọ́pàá gbé ìbọn wọ ilé ìyá àgbà ọlọ́dún 77 kan ní oṣù Kìíní 2022 nítorí àmì orí máàpù bẹ́ẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n san owó tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là fún un.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, kò tiẹ̀ dìgbà tí ẹnì kan bá gbé iná. Ẹ tọ́ka sí ọmọkùnrin kan ní ọjà Ṣàngó kẹ́ ẹ pariwo "olè!", ẹ ò ní lè dá àwọn tó máa sáré dé dúró. Èmi ò fara mọ́ ọn kẹ́nikẹ́ni máa tẹ̀ lé àmì orí máàpù lọ sílé onílé, bó ti wù kí fóònù náà wọ́n tó.

Ohun tí mo ní kẹ́ ẹ ṣe ni pé kẹ́ ẹ tẹ ojú ewé máàpù náà jáde pẹ̀lú aago tó wà lórí rẹ̀, kẹ́ ẹ mú rìsíìtì àti nọ́ńbà IMEI fóònù náà dání, kẹ́ ẹ sì gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tó sún mọ́ yín, ì báà jẹ́ ti Ṣàngó tàbí ti Onípáanù. Mo mọ̀ pé ìdá 11.7 yẹn ò fún yín níṣìírí. Síbẹ̀, àwọn nìkan ló lè ní kí àwọn iléeṣẹ́ néètíwọ̀ọ̀kì wo síìmù tí wọ́n ti fi sínú fóònù náà, síìmù yẹn sì so mọ́ NIN ẹnì kan. Àwọn tó ń polówó lórí Facebook pé tẹ́ ẹ bá fún àwọn ní IMEI àti owó díẹ̀, àwọn á fi ibi tí fóònù wà hàn yín, irọ́ ni wọ́n ń pa. IMEI kì í sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn iléeṣẹ́ néètíwọ̀ọ̀kì ló ń rí i.

Nọ́ńbà 15 ni IMEI, ó wà lára páálí fóònù. Ẹni tó bá ti sọ páálí rẹ̀ nù, kó tẹ *#06# sórí fóònù, á jáde lójú ẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ fóònù onísíìmù méjì ni, méjì ló máa jáde, ẹ kọ méjèèjì sórí bébà kan náà pẹ̀lú àwọn kóòdù 10 yẹn.